Àwọn Tí Wọ́n Ń Fẹ́ Ara Wọn Tí Wọn Ò Di Ọ̀kan

Gbogbo ẹni tó bá jókòó sí kíláàsì Bàólọ́jì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ló ti kọ ọ́ sínú ìwé rí: ẹ̀yà kan náà ni àwọn ẹ̀dá tí akọ àti abo wọn lè gun ara wọn, tí wọ́n á bímọ, tí ọmọ náà á sì tún bímọ. Bí ọmọ bá yàgàn, bíi ti ìbaaka tí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jọ bí, ẹ̀yà méjì ni àwọn òbí. Ernst Mayr ló fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní 1942, àwa náà há a sórí, a sì fi yege ìdánwò. Kò nira láti há sórí, torí ó mú ayé rọrùn: ẹ̀yà kan níhìn-ín, ẹ̀yà kan lọ́hùn-ún, ògiri láàárín wọn.

Mi ò bá òfin náà jà. Ó ṣiṣẹ́ fún ewúrẹ́ àti ajá, ó ṣiṣẹ́ fún adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ni kò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. James Mallet, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí labalábá, ṣírò rẹ̀ ní 2005 pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ẹ̀yà ẹranko ló máa ń bá ẹ̀yà mìíràn lò pọ̀ níbi tí wọ́n ń gbé, láìsí pé ẹnikẹ́ni kó wọn pọ̀ sínú àgò. Àwọn labalábá wà lára àwọn tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Akọ ẹ̀yà kan á gun abo ẹ̀yà kejì, ẹyin á pa, ọmọ á fò, ọmọ náà á wá ẹni fẹ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ẹ̀yà méjèèjì á ṣì wà níbẹ̀, kálukú nínú aṣọ tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀kẹta á ti kún wọn.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Bí omi inú ìkòkò kan bá ń ṣàn sínú ìkòkò kejì láìdáwọ́ dúró, kí ló dé tí àwọ̀ omi méjèèjì kò fi di ọ̀kan?

Inú igbó kọ́ ni mo ti ń ro èyí. Ìbàdàn tuntun ni, níbi tí kọnkéré ti borí ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lọ wo labalábá ní Dùgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń sáré bá ọkọ̀ ní Challenge kò ní ojú méjì láti fi wo ohun tó ń fò lórí gọ́tà. Àmọ́ láàárín ilé àti ilé ní Bódìjà, lẹ́yìn àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbówó, létí Ring Road, ilẹ̀ kan máa ń wà tí wọ́n ti rà tí wọn ò tíì kọ́, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì rẹ̀ pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Àwọn ilẹ̀ tí kò ṣeé tà yìí ni ilé labalábá. Igbálódè á ti ta òdòdó síbẹ̀, bòmubòmu á ti ga tó èjìká ènìyàn, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó dà bíi pé wọ́n da eérú lé e lórí.

Ẹ dúró ti bòmubòmu náà láàárọ̀ tí oòrùn bá ti ń ta díẹ̀díẹ̀. Labalábá kan á wá síbẹ̀ tí kò ní kánjú rárá. Apá iwájú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣóńṣó rẹ̀ dúdú, tótó funfun wà nínú dúdú náà. Apá ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Danaus chrysippus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, oríṣi tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun yìí ni wọ́n sì ń pè ní alcippus. Orí bòmubòmu yìí ló ń yé sí. Kòkòrò tó bá jáde láti inú ẹyin náà á máa jẹ ewé tí oje rẹ̀ funfun, oje kan náà tí àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú kí wàrà dì. Májèlé ọkàn wà nínú oje náà. Labalábá tó bá ti jẹ ẹ́ láti kékeré lè korò lẹ́nu ẹyẹ, ẹyẹ tó bá sì ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kò ní tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń kánjú.

Àwọn mìíràn wá mọ èyí, wọ́n sì lò ó. Abo Hypolimnas misippus kò korò, ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ chrysippus láti orí dé ẹsẹ̀, akọ rẹ̀ sì dúdú pẹ̀lú tótó funfun ńláńlá bí ẹni pé kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní labalábá fara wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ labalábá tó fara wé labalábá mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ń jẹ èrè rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹnìkan tún wà tó ń wọ aṣọ yìí, òun gan-an sì lọ̀rọ̀ mi dá lé. Acraea encedon ni. Ó kéré sí chrysippus díẹ̀, apá rẹ̀ tín-ín-rín, òun fúnra rẹ̀ tún korò. Aṣọ rẹ̀ jẹ́ oríṣiríṣi: èyí tó pọ́n, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bíi ti alcippus, èyí tí ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Linnaeus ló fún un lórúkọ ní 1758, ọdún kan náà tó fún chrysippus lórúkọ.

Láàárín 1910 sí 1912, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ W. A. Lamborn ń sin labalábá yìí ní agbègbè Èkó. Á gba ẹyin lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan, á máa já ewé fún àwọn ọmọ títí wọ́n á fi hu apá, á kó ìyá àti ọmọ pọ̀ sínú àpótí, á fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Poulton ní Oxford. Poulton tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1914. Ohun àrà tó wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn ìyá kan bí takọtabo bó ṣe yẹ, àmọ́ àwọn mìíràn bí abo nìkan. Kò sí akọ kan ṣoṣo láàárín ọmọ wọn. Ilẹ̀ Yorùbá níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára encedon, kì í ṣe Oxford.

Poulton yìí kan náà ló ti bọ́ síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kòkòrò ní London ní 1904, tó bi wọ́n pé kí ni ẹ̀yà gan-an. Ìdáhùn òun náà ni pé àwọn tó ń gun ara wọn ni. Bí mo bá ronú kan àpótí Lamborn lórí tábìlì rẹ̀, ẹ̀rín máa ń pa mí díẹ̀. Ìbéèrè tó bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì, ó wọ aṣọ mẹ́ta-mẹ́rin.

Ó pẹ́ kí àlàyé tó jáde. Denis Owen rí i ní Uganda àti Sierra Leone ní àwọn ọdún 1960 pé ibòmíràn wà tí akọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ọ̀wọ́ labalábá náà. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ ni Francis Jiggins àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá rí ẹni tó ń pa àwọn akọ: kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Wolbachia, tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara labalábá. Ìyá nìkan ló lè fi í lé ọmọ lọ́wọ́, nínú ẹyin. Akọ kò wúlò fún un, torí akọ kì í yé. Nítorí náà ó ń pa àwọn ọmọkùnrin kí ẹyin wọn tó pa, àwọn ọmọbìnrin á sì rí ewé jẹ tẹ́rùn. Ní àwọn ibì kan ní Uganda, akọ ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn abo ló ń kóra jọ sórí òkè, tí wọ́n ń dúró de ọkọ. Èmi kò mọ ohun tó le ju ìyẹn lọ láti rí nínú ayé labalábá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kàn mí nìyí. Ní 1976, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jacques Pierre, fi hàn pé encedon tí gbogbo ayé ń pè ní ẹyọ kan kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni wọ́n. Ó fún èkejì lórúkọ encedana. Ìyẹn jẹ́ 218 ọdún lẹ́yìn Linnaeus. Ìwé àwòrán labalábá Nàìjíríà tí Boorman àti Roche ṣe, tí ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní apá-apá ní 1957, ìgbà tí encedon ṣì jẹ́ ọ̀kan lójú gbogbo ènìyàn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò sì yani lẹ́nu. Àwọn méjèèjì ń gbé pápá kan náà. Àwọn méjèèjì ń fara wé chrysippus, wọ́n sì ń yí aṣọ bí ó ṣe ń yí i láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Wolbachia ń pa ọmọkùnrin méjèèjì. Kí akọ wọn tó ṣeé dá mọ̀, àfi kí ènìyàn wo ojú ara wọn lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi.

Ọmọ wọn kò ní irú ìṣòro yẹn. Kòkòrò encedon ń jẹ gọ̀dọ̀gbọ̀, ewéko olómi tó ń fà nílẹ̀ tí òdòdó rẹ̀ kéré, tó dà bí aró. Kòkòrò encedana ń jẹ ewéko mìíràn, lára èèmọ́ tí èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ sòkòtò ẹni tó bá gba inú koríko kọjá. Ó gba àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní igba ọdún ó lé kí wọ́n tó mọ̀. Ọmọ tó jáde nínú ẹyin láàárọ̀ yìí mọ ewé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀: ẹ̀yà méjì, oúnjẹ méjì, ó tán. Kò parí. Ní 2003, Jiggins yẹ DNA wọn wò ní Uganda, apá DNA tí ìyá nìkan ń fún ọmọ, èyí tó máa ń bá Wolbachia rìn nítorí inú ẹyin kan náà ni wọ́n jọ ń gbà kọjá. Ó bá Wolbachia kan náà lára encedon àti encedana, ó sì bá DNA ìyá kan náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìyẹn lè gbà ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà kan, láàárín 16,000 ọdún tó kọjá, abo ẹ̀yà kan fẹ́ akọ ẹ̀yà kejì, ó bímọ, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ bọ́ sínú ilé bàbá wọn pẹ̀lú àìsàn ìyá wọn, ìran náà sì ń bá a lọ títí dòní. Àwọn ẹ̀yà méjì wọ̀nyí ti fẹ́ ara wọn rí. Àìsàn ló tú àṣírí wọn.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n ṣì jẹ́ méjì.

Mo rò ó, mo tún un rò. Ohun tí mo ń bá bọ̀ ni pé bóyá ìbéèrè tí a ń béèrè ni kò tọ̀nà. A ń béèrè pé kí ló dá wọn dúró láti má lò pọ̀. Ó yẹ ká béèrè pé bí wọ́n ṣe ń lò pọ̀ yìí, kí ni wọn kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Oúnjẹ jẹ́ ọ̀kan. Abo tó bá jẹ́ ọmọ àdàlù, tí kò mọ̀ bóyá gọ̀dọ̀gbọ̀ ló wu òun tàbí èèmọ́, ibo ni yóò yé sí? Àwọn ọmọ rẹ̀ á ti máa fi ebi san gbèsè ìyá àti bàbá.

Ẹyẹ jẹ́ èkejì. Geoffrey Hale Carpenter, dókítà tó lọ wádìí àìsàn oorun ní àwọn erékùṣù Adágún Victoria láti 1910, ṣàkíyèsí labalábá kan tó ń jẹ́ Pseudacraea eurytus, tó ní aṣọ oríṣiríṣi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fara wé labalábá kíkorò kan. Lórí ilẹ̀ níbi tí àwọn kíkorò náà ti pọ̀, aṣọ kálukú ṣe kedere. Ní àwọn erékùṣù kéékèèké tí àwọn kíkorò náà ti ṣọ̀wọ́n, àwọn aláṣọ àárín-méjì ló kún ibẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹyẹ ibẹ̀ kò rí ẹni kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìkorò. Wọ́n ń bí ọmọ àdàlù níbi gbogbo. Ẹyẹ ló ń yan èyí tó máa dàgbà.

Cyril Clarke àti Philip Sheppard rí nǹkan tó jọ èyí ní Liverpool ní àwọn ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí wọ́n ń mú Papilio dardanus láti apá kan Áfíríkà gun ti apá mìíràn. Abo dardanus ń fara wé oríṣi labalábá kíkorò tó bá wà ní ilẹ̀ rẹ̀, tótó rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Ọmọ àdàlù tí wọ́n bí kò jọ ti ibì kankan, aṣọ náà ti dàrú. (Oníṣègùn ni Clarke. Ìmọ̀ ìrandíran tó kọ́ lára labalábá wà lára ohun tó mú òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé orí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rhesus negative, kí ara rẹ̀ má baà gbógun ti ọmọ inú rẹ̀. Ìyá tó ti gba abẹ́rẹ́ yẹn ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí ní Ìbàdàn ti jẹ nínú ọbẹ̀ labalábá.)

Ẹ̀kẹta ni òórùn. Ẹ padà síbi chrysippus wa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ akọ, ẹ wo apá ẹ̀yìn rẹ̀: abo ní tótó dúdú mẹ́ta ní àárín, akọ ní mẹ́rin. Èyí tó fi lé kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àpò ni. Ní ìdí rẹ̀, ó tún ní ìrun wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ méjì tó ń ká pa mọ́, tó máa ń yọ jáde nígbà tó bá ń wá abo. Á ti ìrun náà bọ àpò, á gbọ̀n ọ́n sí abo lórí. Ṣùgbọ́n kò lè dá òórùn náà ṣe láti inú ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lọ wá nǹkan rẹ̀. Ibi tó ń lọ nìyí: agógo igún, ewéko etí gọ́tà tí òdòdó rẹ̀ ká bí ìrù. Kò lọ síbi èyí tó tutù. Èyí tó ti rọ tàbí tó ti gbẹ ló ń wá. Á bà lé e, á na ẹnu rẹ̀ gígùn, á tu omi díẹ̀ sí i lára, á tún fa omi náà mu pẹ̀lú oje kíkorò tó yọ́ sínú rẹ̀. Nínú oje yìí ni lọ́fíńdà rẹ̀ ti ń wá. Mo ti rí wọn bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Bódìjà, márùn-ún, mẹ́fà lórí igi gbígbẹ kan ṣoṣo, tí wọn ò fẹ́ dìde bí ènìyàn tilẹ̀ sún mọ́ wọn débi tí òjìji bò wọ́n. Gbogbo wọn jẹ́ ọkùnrin.

Irú òórùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ti Bicyclus, àwọn labalábá aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ojú lára apá, tí wọ́n ń rá nílẹ̀ lábẹ́ igi káàkiri Áfíríkà, àwọn onímọ̀ fi hàn ní 2015 pé òórùn akọ wà lára ohun tó ń ya àwọn ẹ̀yà tó sún mọ́ra nípá. Ẹgbẹ́ ẹja lẹja ń wẹ̀ tọ̀, ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń fò tọ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣe kàyéfì pé ta ló sọ fún ẹyẹ pé ẹgbẹ́ òun rèé. Ní ti labalábá, imú ló sọ fún un, àti ojú.

Ní ti ojú, ẹ jẹ́ ká ré kọjá òkun. Ní Colombia, labalábá kan wà tó ń jẹ́ Heliconius heurippa, tó ní ìlà pupa àti ìlà òfeefèé lápá. Ní 2006, Jesús Mavárez àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn mú ẹ̀yà méjì mìíràn, ọ̀kan aláwọ̀ pupa, ọ̀kan aláwọ̀ òfeefèé, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn fún ìran mélòó kan, aṣọ heurippa sì jáde. Ìyẹn nìkan kò tó. Wọ́n tún rí i pé akọ heurippa kì í fẹ́ èyí tó ní pupa nìkan, kì í fẹ́ èyí tó ní òfeefèé nìkan. Ẹni tó bá wọ méjèèjì ló wù ú. Aṣọ tó fi bí ni aṣọ tó ń wá. Bí ẹ̀kẹta ṣe ń jáde láàárín méjì nìyẹn.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù dé ní 2024. Neil Rosser àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú DNA Heliconius elevatus ti igbó Amazon wò. Ìbátan rẹ̀ ni pardalinus, wọ́n jọ ń gbé igbó kan náà, wọ́n sì ń lò pọ̀ títí dòní. Nǹkan bí ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú elevatus kò yàtọ̀ sí ti pardalinus. Ìdá kan péré ló wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kẹta, melpomene, láti inú ìlòpọ̀ tó ti wáyé ní nǹkan bí 180,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú ìdá kan náà: àwọ̀ apá, bí apá ṣe rí, òórùn akọ, irú ẹni tó wù ú láti fẹ́, ewé tó ń yé sí. Ohun yòókù ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì bó ṣe wù ú. Ìdá kan yìí ni wọn ò fi tọrẹ.

Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn ju ògiri Mayr lọ. Ẹ̀yà kì í ṣe àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́ tónítóní. Àwọn tó ní nǹkan díẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kó bọ́ ni, bí gbogbo nǹkan tó kù bá tilẹ̀ ń dà pọ̀.

Ẹnìkan á ti máa rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi yìí, á ní òun mọ ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ: Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbò àti Hausa tó jọ ń gbé Bódìjà tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Rárá o. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ènìyàn, láti Challenge dé Ṣáínà, kò sí ewé tí ọmọ ẹnikẹ́ni kò lè jẹ. Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ kòkòrò ṣe àwáwí láti ya ènìyàn sọ́tọ̀ ti ṣe ọṣẹ́ tó pọ̀ tó láyé. Kí labalábá máa jẹ́ labalábá.

Ó tún ku ti ilẹ̀. Ìbàdàn wà ní ibi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn wa, láti Benin kọjá Togo dé apá kan Ghana, ọ̀dàn já igbó, ó sọ̀ kalẹ̀ dé etí òkun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí òjò pọ̀, igbó kan náà ló nà láti Ghana dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó já sí méjì. Ó ti so, ó ti já ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní gbogbo ìgbà tó bá já, labalábá tó wà ní apá kọ̀ọ̀kan á lọ gbé ìgbé ayé tirẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá so, wọ́n á tún pàdé, wọ́n á tún fẹ́ra, àwọn kan á dàpọ̀ tán, àwọn kan á di ìdá kan wọn mú. Torben Larsen, tó kọ ìwé ńlá nípa labalábá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 2005, ka nǹkan bí 1,500 ẹ̀yà sínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ìjá àti ìso yìí ni àwọn kan nínú wọn ti jáde.

Ohun tó ń já igbó báyìí kì í tún ṣe ọ̀dá. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kọjá Òjóò, IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní nǹkan bí 350 hẹ́kítà igbó nínú ọgbà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹyẹ kan ṣì ń gbé tí J. H. Elgood fún lórúkọ Ìbàdàn ní 1958, Malimbus ibadanensis, tí kò sí níbòmíràn láyé ju gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà yìí lọ. Bí ẹ bá wo igbó náà láti òkè lórí fóònù, dúdú ló rí, òrùlé páànù sì yí i ká. Labalábá inú rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò pàdé mọ́. Ògiri tí a há sórí nínú ìwé, àwa ni a wá ń kọ́ ọ. Kò sì sí ẹ̀yà tuntun tó ń jáde nínú igbó 350 hẹ́kítà láàárín àádọ́ta ọdún. Irú iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ àyè, ó sì ń fẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Àwọn ti pápá, chrysippus àti encedon, ṣì lè fò láti ilẹ̀ òfìfo kan sí èkejì, bí ilẹ̀ òfìfo bá ṣì wà. Bòmubòmu, gọ̀dọ̀gbọ̀, èèmọ́, agógo igún: kò sí ẹni tó ń gbìn wọ́n sí àgbàlá, gbogbo wa la kà wọ́n sí igbó lásán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ní Bódìjà, ní Àgbówó, ní Challenge, nígbà tí òjò bá dé tí ẹ bá pe ẹni tó ń ro igbó, ẹ sọ fún un kó fi igun kan sílẹ̀ lẹ́yìn tánkì omi, kó má sì fọ́n oògùn apakoríko síbẹ̀.